Bí A Ṣe Ń Kàwé Gboyè Másítáàsì Nínú Ìmọ̀ Ìgbéròyìnjáde: Ìbéèrè Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá

Ẹni tó bá fẹ́ di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kò nílò másítáàsì. Ohùn tó dá ṣáká, etí tó mọ èdè, àti ọ̀gá tó ṣe tán láti kọ́ni níṣẹ́ ti tó o. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú èrò pé àwọn yóò máa gbé máíkì lójoojúmọ́, ìgbà tí wọ́n bá wọlé tán ni wọ́n máa ń rí i pé ìwé kíkà, tíọ́rì àti ìwádìí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí oyè yìí ń kọ́ ènìyàn ni bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè tó nítumọ̀ nípa ìwé ìròyìn, rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì, kí a sì fi ẹ̀rí dáhùn rẹ̀. Bí ìyẹn bá wù yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tó ti gboyè àkọ́kọ́ tàbí HND ní Nàìjíríà, tó ń wo ilé, tó tún ń wo òkè òkun.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ìbéèrè kí ẹ tó wá ilé ẹ̀kọ́

Orúkọ fáfitì ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ wá. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, ẹ kò ní mọ olùkọ́ tó lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ kò sì ní mọ ilé ìkàwé tó ní ohun tí ẹ ń wá.

Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ohun tó bá ta yín létí sínú rẹ̀ fún bí oṣù kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ètò tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Láàárọ̀, lórí rédíò káàkiri Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, atọ́kùn kan á kó àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì síwájú, á máa ka kókó inú wọn fún wa ní Yorùbá. Á fi òwe sí i, á pàṣamọ̀, á bẹnu àtẹ́ lu ìjọba díẹ̀, á fo ìròyìn kan dá, á wá jókòó ti òmíràn títí. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ ṣe ìwádìí lórí "ipa rédíò láwùjọ Yorùbá" kò tíì ní ìbéèrè, gbogbo ayé ló fẹ́ gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè pé, "Kí ni atọ́kùn ń fi kún ìròyìn, kí ló sì ń yọ kúrò, bó ṣe ń gbé e láti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí Yorùbá?" ti ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta dán ìbéèrè yín wò. Ṣé ẹ lè nawọ́ sí ohun tí ẹ máa wò ní pàtó, ìbáà ṣe ohùn tí a gbà sílẹ̀, ìwé ìròyìn tàbí àwọn ènìyàn? Ṣé ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe é parí láàárín oṣù mẹ́fà? Ṣé ìdáhùn rẹ̀ lè já sí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀? Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣòro jù. Ìbéèrè tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ìwádìí.

Ẹ má sì fojú kéré ohun tó wà nílẹ̀ wa. Abẹ́òkúta ni ajíhìnrere òyìnbó Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Ní Èkó, ìwé ìròyìn Èkó Àkéte jáde ní 1922, Elétí Ọfẹ tẹ̀lé e ní 1923, Akéde Èkó dé ní 1928. Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959. Aláròyé sọ àṣà kíka ìwé ìròyìn Yorùbá dọ̀tun, BBC sì ṣí ẹ̀ka Yorùbá tirẹ̀ ní oṣù Kejì, 2018. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì àti Facebook ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìwé máa ń sáré lọ bá. Ó ń dùn mí, nítorí pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú ní ohun kan lọ́wọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò gbọ́ ọ kò lè fi owó rà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ irú oyè tí ẹ ń lé

Ní Nàìjíríà, másítáàsì pín sí oríṣi méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní "academic" ló ní ìwádìí tó lágbára nínú, òun ló sì ń ṣílẹ̀kùn PhD. Èyí tí wọ́n ń pè ní "professional" wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sábà máa ń kọ́ wọn nírọ̀lẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó gba professional kò lè gba ibẹ̀ bọ́ sí PhD tààrà. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ní HND, tàbí tí oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ kò lágbára, sábà máa ń kọ́kọ́ gba PGD, ìyẹn díplómà tí wọ́n ń gbà ṣáájú másítáàsì.

Orúkọ ẹ̀ka náà kò dọ́gba. Ní fáfitì Nsukka, Jackson College of Journalism bẹ̀rẹ̀ ní 1961. Ní UNILAG, ẹ̀ka Mass Communication bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Ní UI, Communication and Language Arts ni wọ́n ń pè é, èdè àti ìwé kíkà sì wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn fáfitì Nàìjíríà, náà ti fọwọ́ sí i kí Mass Communication pín sí ẹ̀ka méje, bí iṣẹ́ akọ̀ròyìn, ìpolówó ọjà, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ àti fíìmù, nítorí náà ẹ ka ìwé ìtọ́ni fáfitì dáadáa kí ẹ mọ orúkọ tí yóò wà lórí sátífíkéètì yín.

Bó bá jẹ́ èdè gan-an ni ìbéèrè yín dá lé, ẹ má gbàgbé ẹ̀ka Linguistics and African Languages ní UI àti OAU. Níbẹ̀, ènìyàn lè kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀, ìyẹn ìwé ìwádìí tó máa fi gboyè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èdè Yorùbá. Ohun iyì ńlá ni, ó sì yẹ kí àwa tó ń kàwé nípa ìròyìn máa lò ó jù báyìí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá olùkọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà

Ẹ lọ sórí Google Scholar, ibi tí a ti ń wá iṣẹ́ ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ orúkọ àwọn olùkọ́ ẹ̀ka tí ẹ ń wò, kí ẹ ka iṣẹ́ wọn bíi méjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú: ẹni tí ẹ jẹ́, ìbéèrè yín ní gbólóhùn méjì, èyí tí ẹ kà nínú iṣẹ́ wọn àti ibi tí ẹ fẹ́ gbé e dé. Ó parí. Kí ẹ má ṣe kọ ojú ìwé mẹ́ta, kí ẹ má sì pe Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Dókítà.

Bí fáfitì náà bá wà nítòsí, ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fi dé ibẹ̀. Ẹ kí akọ̀wé ẹ̀ka náà dáadáa, òun ló mọ ọjọ́ tí ọ̀gá máa ń wà ní ọ́fíìsì àti ọjọ́ tí kò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti wà lẹ́nu másítáàsì bóyá olùkọ́ náà máa ń ka iṣẹ́ ọmọ ìwé, àti bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó dá a padà. Mo fi ìbéèrè yìí ṣáájú òkìkí. Olókìkí tí kì í ka iṣẹ́ yín kò wúlò fún yín tó olùkọ́ tí kò lórúkọ tó ń kà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Àwọn ìwé tí ẹ máa kó jọ

Transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ máàkì yín, ló máa ń pẹ́ jù. Fáfitì tí ẹ ti jáde ló máa fi í ránṣẹ́ tààrà sí ibi tí ẹ ń lọ, ó sì lè gba oṣù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lépa rẹ̀ kí fọ́ọ̀mù tó jáde rárá. Ìwé ẹ̀rí agùnbánirọ̀ tàbí ìwé ìyọ̀ǹda NYSC náà ṣe pàtàkì. Ẹ rí i pé orúkọ yín bára mu lórí WAEC, sátífíkéètì, NYSC àti páálí ìrìnnà. Obìnrin tó ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹjọ́ àti ti ìwé ìròyìn lọ́wọ́.

Àwọn olùkọ́ tí yóò jẹ́rìí yín, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lásìkò, kí ẹ sì fún wọn ní ojú ìwé kan tó ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ lọ ṣe. Ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ ń lọ ṣe, "ọmọ dáadáa ni" ni yóò kọ. Nínú ìwé tí ẹ máa fi ṣàlàyé ara yín fún fáfitì, ẹ fi ọ̀rọ̀ "láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìròyìn" sílẹ̀. Ìbéèrè yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Fún UK, àwọn fáfitì kan máa ń gba Gẹ̀ẹ́sì WAEC dípò ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS bó bá jẹ́ C6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ̀wé bi wọ́n kí ẹ tó lọ náwó ìdánwò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Owó

Nílé, owó ilé ìwé nìkan kọ́ ni kí ẹ ṣírò. Dátà, owó ọkọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, owó ẹni tó bá yín ṣe àdàkọ ohùn (kíkọ ohun tí a gbọ́ sínú ìwé), ìwé títẹ̀ àti dídì, gbogbo rẹ̀ á fẹ́ jẹun.

Ní UK, ọdún kan péré ni másítáàsì, ìyẹn ló mú kó yára, òun náà ló sì mú kí owó rẹ̀ le. Ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́ níbẹ̀: fáfitì Leicester dá ibùdó ìwádìí ìgbéròyìnjáde tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1966, ọdún kan náà tí UNILAG bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Fún físà, owó tí ẹ fẹ́ fi hàn gbọ́dọ̀ ti wà nínú báǹkì fún ọjọ́ 28 láìdín. Owó àyálò tí wọ́n kó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lè ba orúkọ yín jẹ́. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti owó ìlera tún wà níbẹ̀. Láti oṣù Kìíní, 2024, ẹni tó ń lọ fún másítáàsì oníkíláàsì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, àfi àwọn tó ń lọ gba oyè ìwádìí tàbí àwọn tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ wọn. Mo rọ ẹni tó bá ní ìdílé pé kó bá wọn jókòó sọ̀rọ̀ yìí kó tó san kọ́bọ̀.

Ìrànwọ́ wà. Chevening ti ìjọba UK ń san owó ilé ìwé, ọkọ̀ òfuurufú àti owó oúnjẹ. Ó ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, ìyẹn wákàtí 2,800, kí ẹ yan ẹ̀kọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì padà sílé fún ọdún méjì ó kéré tán. Oṣù Kẹjọ ló sábà máa ń ṣílẹ̀kùn, á sì tì í ní oṣù Kẹwàá. Akọ̀ròyìn tó ti ṣiṣẹ́ ní ohun púpọ̀ láti sọ nínú fọ́ọ̀mù yẹn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ fáfitì ń fún ọmọ ìwé níṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ kí wọ́n lè dín owó ilé ìwé rẹ̀ kù; olùkọ́ tí ẹ bá kọ̀wé sí ní ìgbésẹ̀ kẹta lè sọ bí ó ṣe rí. Ajẹ́ntì tó bá ní kí ẹ san owó ńlá kí òun tó bá yín fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ sá fún un. Fáfitì ló ń san owó fún àwọn ajẹ́ntì tí wọ́n mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kíka tíọ́rì láìsọ ọ́ di àkọ́sórí

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rẹ̀. Tíọ́rì pọ̀, orúkọ òyìnbó pọ̀, wọ́n á kàn máa há wọn sórí bíi oríkì. Ẹ bi tíọ́rì kọ̀ọ̀kan pé: ibo ni wọ́n ti rí i, lára ta ni, ṣé ó lè dúró níbi tí mò ń gbé?

Ẹ wò ó pẹ̀lú ìbéèrè wa nípa atọ́kùn òwúrọ̀. Ní 1940, Paul Lazarsfeld, onímọ̀ nípa àwùjọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Erie County ní Ohio, Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ mọ bí ìpolongo ìbò ṣe ń yí ọkàn àwọn ènìyàn padà. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ inú rédíò àti ìwé ìròyìn sábà máa ń gba ọ̀dọ̀ àwọn kan tí àwọn ará àdúgbò fọkàn tán kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ní 1950, David Manning White wo olóòtú kan tó ń yan ìròyìn tí ìwé ìròyìn yóò gbé jáde, ó pè é ní oníbodè. Ní 1972, McCombs àti Shaw tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe lára olùdìbò 100 ní Chapel Hill jáde: ohun tí ìròyìn bá tẹnu mọ́ ni àwọn ènìyàn ń kà sí pàtàkì.

Atọ́kùn wa ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Oníbodè ni, nítorí ó ń yan èyí tó fẹ́ kà. Ẹni àfọkàntán ni, nítorí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò dé ọwọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní Òjé bí kò ṣe láti ẹnu rẹ̀. Ohun tó bá sì tẹnu mọ́ ni wọ́n máa sọ ní gáréèjì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú àwọn òyìnbó yẹn tó bá oníbodè pàdé tó ń túmọ̀ èdè, tó ń pòwe, tó tún ń dá olùgbọ́ lára yá lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàfo tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn ni àyè iṣẹ́ yín. Ẹ fi Frank Ugboajah kún un, ọmọ Nàìjíríà tó pe àwọn ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ wa ní "oramedia", tó sì ní kí a máa kà wọ́n sí ìgbéròyìnjáde gidi.

Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kà, ẹ kọ ojú ìwé kan: ìbéèrè òǹkọ̀wé, ẹ̀rí rẹ̀, ọ̀nà tó gbà kó o jọ, ibi tó ti ṣaláìlágbára. Ẹ fi Zotero, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń tọ́jú orúkọ ìwé tí a kà, tọ́jú orúkọ ìwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá bi ẹ̀rọ AI léèrè ọ̀rọ̀, ẹ lọ wá gbogbo ìwé tó bá dárúkọ fúnra yín, torí ó máa ń dá ìwé tí kò sí láyé sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìwádìí

Ní Nàìjíríà, ẹ ó rí àpilẹ̀kọ tó pín ìwé ìbéèrè fún ènìyàn 400 lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìlànà Yamane, tí wọ́n fi ń ṣírò iye ènìyàn tó yẹ kí a bi léèrè, ló fà á: bí ẹ bá fi àṣìṣe ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ṣírò rẹ̀, bó ti wù kí ìlú tóbi tó, kò ní kọjá 400. Kò sí ohun tó burú nínú ìlànà náà. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn 400 fẹ́ sọ fún yín nípa ohun tí atọ́kùn yọ kúrò nínú ìròyìn? Wọn kò ka ìwé ìròyìn náà. Ìbéèrè ló gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà.

Ohun tí ìbéèrè tiwa ń fẹ́ ni ohùn ètò náà àti ìwé ìròyìn ọjọ́ kan náà, kí a gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ kò lè gba ti gbogbo ọdún. Ẹ ṣe ọ̀sẹ̀ àkójọ: ẹ mú Ọjọ́ Ajé láti ọ̀sẹ̀ kan, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti ọ̀sẹ̀ mìíràn, kí ẹ fi ìbò yàn wọ́n títí ọjọ́ méje á fi pé. Fún ìwé ìròyìn ojoojúmọ́, Riffe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1993 pé irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ méjì lè dúró fún ọdún kan. Fún ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí Aláròyé, ẹ dìbò mú ẹyọ kan láti inú oṣù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ máa gba ohùn sílẹ̀ fúnra yín láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ ìbéèrè yín. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ilé iṣẹ́ rédíò pé wọ́n á tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ètò ló ń lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń gbé e sórí Facebook tàbí YouTube, ẹ wá a síbẹ̀. Ẹ tún kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà, kí olórí ẹ̀ka yín fọwọ́ sí i. Fún ìwé ìròyìn àtijọ́, ilé ìkàwé Kenneth Dike wà ní UI, ilé ìkó-ìwé-ìtàn-pamọ́ ti ìjọba àpapọ̀ náà wà nínú ọgbà kan náà. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ àti sùúrù dání.

Àdàkọ ni iṣẹ́ tó le jù. Wákàtí kan ohùn lè gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀, torí láìsí i, olùyẹ̀wò kò ní mọ ohun tí atọ́kùn sọ, ẹ̀yin náà lè gbàgbé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google lórí fóònù, ní Yorùbá. Bí àpilẹ̀kọ bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an sílẹ̀ lójú ìwé, kí ìtumọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ yọ Yorùbá kúrò nítorí àyè; ẹ̀rí yín ni.

Lẹ́yìn àdàkọ, ẹ pín ohun tí ẹ rí sí ìsọ̀rí, bí ohun tí atọ́kùn fi kún ìròyìn àti ohun tó yọ kúrò. Ẹ wá ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa kó bá yín to apá kan nínú ohun tí ẹ gbà sí ìsọ̀rí rẹ̀, láìrí ti yín. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń fohùn ṣọ̀kan dé 0.80 lórí òṣùwọ̀n ìfohùnṣọ̀kan tí Krippendorff ṣe, ìsọ̀rí yín fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ ìsọ̀rí ni kí ẹ tún kọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá atọ́kùn náà lẹ́nu wò, ẹ lọ lẹ́yìn ètò, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ gbà á láyè kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìdí tó fi fo ìròyìn yẹn. Àwọn tó pe ètò lórí fóònù, bí wọ́n tilẹ̀ dárúkọ ara wọn lórí afẹ́fẹ́, "olùpè kan láti Mọ́níyà" tó fún àpilẹ̀kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Kíkọ

Orí tó dá lórí ọ̀nà ìwádìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, torí ohun tí ẹ ṣe ṣì wà lórí yín. Ẹ kọ àbájáde tẹ̀lé e. Ìfáárà ni kó kẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ lọ rí alábòójútó, ìyẹn olùkọ́ tó ń tọ́ iṣẹ́ yín sọ́nà, ẹ mú ìbéèrè mẹ́ta tí a kọ sílẹ̀ lọ. Bí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ fi ímeèlì kúkúrú sọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Ẹ̀rí ohun tí ẹ jọ sọ nìyẹn, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ ìwé lọ́wọ́ "n kò sọ bẹ́ẹ̀". Ẹ pa iṣẹ́ mọ́ sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ọjọ́ àwọn olùyẹ̀wò

Ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ má sáré. Ìbéèrè tó máa ń wá jù ni ìdí tí ẹ fi yan ọ̀nà yìí dípò òmíràn, ibi tí iṣẹ́ yín kò dé, àti ohun tí a mọ̀ nísinsìnyí tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ ti kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣàtúnṣe, ẹ to àtúnṣe náà ní nọ́ńbà, kí ẹ kọ ojú ìwé tí ẹ ti ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi í lé alábòójútó lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún ilé iṣẹ́ rédíò náà ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì fún ilé ìkàwé ẹ̀ka yín ní gbogbo ohùn tí ẹ gbà. Orúkọ ètò, ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lára fáìlì kọ̀ọ̀kan kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín.